Ipò 250, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀mọ̀wé: bí CNRS ṣe ń gba ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì síṣẹ́ nílẹ̀ Faransé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, mo jókòó sẹ́yìn yàrá ìpàdé kan ní ìlú Montpellier, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Àbúrò kan tó jẹ́ ọmọ Sàbẹ̀, ní Olómìnira Benin, ló dúró níwájú. Ẹ̀fọn ló ń ṣèwádìí lé lórí, ìyẹn ìdí tí oògùn inú nẹ́ẹ̀tì kò fi ran ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri mọ́. Ọdún karùn-ún tó gboyè ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Wọ́n gbé fóònù kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú 10 bọ̀ wá sílẹ̀. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó tì í, wọ́n lejú koko bí ìgbìmọ̀ tòótọ́. Nígbà tí fóònù dún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń lọ. Obìnrin tó dàgbà jù láàrin wọn ní kó tún un sọ, kó yọ gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ní ọdún méjì àkọ́kọ́ kúrò. Ìgbà kọkànlá tó máa tún un sọ nìyẹn. Ọdún méjì tó fi ń kó ẹ̀fọn lóru láti abúlé dé abúlé, kò sí ààyè fún un nínú ìṣẹ́jú 10.

Ìdíje tí CNRS, iléeṣẹ́ ìwádìí tó jẹ́ ti ìjọba Faransé, máa ń ṣe lọ́dọọdún láti gba onímọ̀ sáyẹ́ǹsì síṣẹ́ ló ń múra sílẹ̀ fún. Àwọn ará Kétu, Sàbẹ̀ àti Àjàṣẹ́ mọ nǹkan yìí dáadáa. Concours ni wọ́n ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ti Nàìjíríà wá ni kò mọ̀ ọ́n, a rò pé ti àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ fún wa, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú awuyewuye tó ń lọ lórí rẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n dá CNRS sílẹ̀, ogun àgbáyé kejì kò tíì ju oṣù kan àbọ̀ lọ nígbà náà. Jean Perrin, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1926, ló jà fún un jù. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ gidi ni ìwádìí jẹ́ láyè ara rẹ̀, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ yunifásítì yóò máa fi ọwọ́ òsì ṣe lẹ́yìn tó bá kọ́ni tán. Ó yẹ kí èèyàn lè máa ṣe é láàárọ̀, kó sì máa jẹun nídìí rẹ̀. Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ CNRS tó nǹkan bí 33,000, ibùdó ìwádìí rẹ̀ sì lé ní 1,000, òun àti àwọn yunifásítì ló jọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láàrin 1982 sí 1984 ni òfin sọ àwọn onímọ̀ ibẹ̀ di òṣìṣẹ́ ìjọba pátápátá. Ẹni tó bá wọlé yóò lo ọdún kan lábẹ́ ìdánwò, lẹ́yìn náà iṣẹ́ di tirẹ̀ títí di ìfẹ̀yìntì. Ìyẹn ló mú kí ìdíje náà gbóná tó bó ṣe gbóná. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, ẹni tó bá ti gbà á kọjá ti bọ́.

Ní oṣù kejìlá ni wọ́n máa ń ṣí fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì tì í nínú oṣù kìn-ín-ní. Ipò tí àwọn ọ̀dọ́ ń du ni chargé de recherche, nǹkan bí 250 lọ́dún fún gbogbo ìmọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀run, láti ìmọ̀ ìṣirò dé ìtàn, láti ìràwọ̀ dé ẹ̀fọn. Oyè ọ̀mọ̀wé tàbí ohun tó bá a dọ́gba ni wọ́n ń bèèrè. Wọn kò bèèrè orílẹ̀-èdè tí o ti wá. Wọn kò bèèrè ọjọ́ orí mọ́ pẹ̀lú. Ṣáájú 2005, ẹni tó bá ti kọjá ọdún 31 kò lè du ipò àkọ́wọlé, àmọ́ òfin ti mú ìyẹn kúrò. Bí a bá kó àwọn tó ń wọlé lọ́dún kan jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn kì í ṣe ọmọ Faransé.

Ìwé tí olùdíje ń kọ pọ̀: ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ìwádìí tó ti tẹ̀ jáde, ohun tó fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀ ṣe, àti ibùdó ìwádìí tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sí. Kókó tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò kì í tètè mọ̀. Ẹni tí kò bá tíì lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tó wà ní ibùdó náà, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò bá tiwọn mu, ìwé rẹ̀ kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìwé yóò dé ọwọ́ ẹ̀ka tó kàn, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú ìmọ̀ tí olùdíje ń ṣe. Ẹ̀ka wọ̀nyí tó bí 40. Èèyàn 21 ló wà nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí fúnra wọn ló ń dìbò yan 14, ìjọba á sì yan 7. Àwọn onímọ̀ tó wà nínú wọn á ka ìwé, wọ́n á yan àwọn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n á pè wọ́n, wọ́n á da ìbéèrè bò wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á to orúkọ: ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ kejì, tó tún ga ju ìyẹn lọ, ló ń fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn. Àkójọ orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń jáde: ti àwọn tó wọlé, àti ti àwọn tí yóò bọ́ sí ipò wọn bí ẹnì kan bá yẹra. Ẹni tó bá wọlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ètò yìí fi jọ mí lójú. Nígbà tí mo jáde yunifásítì nílé, mo fi ìwé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìwádìí kan tí owó ìjọba ń gbé ró. N kò rí èsì kankan. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ pé wọ́n ti gba èèyàn, láìkéde, láìpe ẹnikẹ́ni wá dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó sọ fún mi kò tilẹ̀ rò pé ohun tó burú ló ń sọ, ó kàn bi mí pé, "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Gbogbo ẹni tó ti wáṣẹ́ ìjọba rí ní Nàìjíríà mọ ìbéèrè yẹn. Ní CNRS, orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ wà níta fún gbogbo èèyàn láti kà. Orúkọ àwọn tí ẹ̀ka tò, àti ipò tí wọ́n tò wọ́n sí, wà níta bákan náà. Bí ọ̀gá tó tọ́ olùdíje sọ́nà bá wà nínú ìgbìmọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ kọ ìwé ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì bọ́ síta nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni náà. Ọmọ tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ lè bá ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n du ipò kan náà, kó sì borí rẹ̀. Mo ti rí i.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ ti di ọ̀run. Ní 2019, ìgbìmọ̀ kejì tí mo mẹ́nu bà yẹn yí orúkọ tí àwọn ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ àwùjọ ti tò padà, àwọn kan tí ẹ̀ka ti fi síwájú já sẹ́yìn, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ka ní ta ló mọ iṣẹ́ àwọn olùdíje ju àwọn tó kàwé wọn tí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn lọ? Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan: torí pé ìtò àkọ́kọ́ ti wà níta ni aráyé ṣe mọ̀ pé wọ́n yí i padà. Níbi tí wọn kì í ti í kéde, kò sí ohun tí èèyàn máa rí tako.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni iye ipò. Ní 2018, 300 ni ipò àwọn ọ̀dọ́ yìí. Ní 2019, tí CNRS ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún rẹ̀, ó já sí 250, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè láti ìgbà náà. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ó lé ní 20 èèyàn tó ń du ipò kan. Ẹnì kan tó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí sọ fún mi pé kò nira láti mọ àwọn tí kò kúnjú ìwọ̀n. Ohun tó ń lé oorun lójú òun ni pé nígbà tí wọ́n bá yọ wọ́n kúrò tán, èèyàn 15 á ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbà, ipò sì jẹ́ mẹ́rin. Láti ibẹ̀ lọ, ó ní, ohun tó ya ẹni kẹrin sọ́tọ̀ sí ẹni kẹjọ kò tó nǹkan tí èèyàn lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀.

Àwọn mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Wọ́n á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Òun lèyí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ronú àti bọ́ sójú ọ̀nà yìí gbọ́. Ọ̀dọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní bí ọdún 27 tàbí 28 kì í sábà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé ti lé ní 30 dáadáa, wọ́n ń sún mọ́ 35. Láàrin ìgbà yẹn, iṣẹ́ àdéhùn tí wọ́n ń pè ní postdoc ló ń gbé wọn ró, ọdún kan níbí, ọdún méjì lọ́hùn-ún, Faransé, Jámánì, Amẹ́ríkà, kí wọ́n tún padà wá. Èèyàn á fẹ́yàwó láàrin rẹ̀, á bímọ láàrin rẹ̀, kò ní mọ ìlú tí ọmọ náà máa ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Òfin tí wọ́n ṣe láti gbà wọ́n tún dá kún un. Òfin ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2012 sọ pé ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ àdéhùn fún iléeṣẹ́ ìjọba kan, ó yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ di èyí tí kò ní gbèdéke mọ́. Èrò rere ni. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí ń ṣọ́ kàlẹ́ńdà, bí ọdún mẹ́fà bá ti ń sún mọ́lé, wọn kì í tún àdéhùn ṣe mọ́. Iṣẹ́ ò tíì tán, owó lè wà nílẹ̀, àmọ́ ẹni náà gbọ́dọ̀ lọ. Ní ti àlejò, wàhálà di méjì, torí ìwé ìgbélùú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì so mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Nítorí náà mo gbà pé ìdíje yìí ń wọn ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wọn ọgbọ́n, ó sì ń wọn bí èèyàn ṣe lè dúró pẹ́ tó. Ẹni tí òbí rẹ̀ ní ilé ní Paris lè dúró ọdún mẹ́rin sí i. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé loṣooṣù kò lè dúró. Ìgbìmọ̀ tó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn kò lè rí ìyẹn, torí ẹni tí kò lè dúró mọ́ kò sí nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí àwọn onímọ̀ físíìsì fẹ́ràn láti máa sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Alain Aspect lọ sí Geneva láti bá John Bell, onímọ̀ físíìsì kan níbẹ̀, sọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ tó ti Kamẹrúùnù dé, níbi tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́, tó sì ti ń ka ìwé lórí físíìsì kuántúmù fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé àyẹ̀wò tó fẹ́ ṣe fún Bell. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bell bi í kò kan ìmọ̀ rárá. Ó bi í bóyá ó ní iṣẹ́ tó dúró. Aspect ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ní in, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Cachan. Ìgbà yẹn ni Bell tó gbà pé kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà ni, ó lè ba ọjọ́ iwájú ẹni tí kò ní ibi tó fẹ̀yìn tì jẹ́. Aspect fi ọ̀pọ̀ ọdún to ẹ̀rọ rẹ̀ ní Orsay, èsì rẹ̀ jáde ní 1981 àti 1982. Ní 2022, ó gba Nobel pẹ̀lú John Clauser àti Anton Zeilinger. Ogójì ọdún. Bí wọ́n bá ti ń pinnu lọ́dọọdún bóyá kó máa lọ tàbí kó dúró, ta ló máa dá a lẹ́bi bó bá ti yan iṣẹ́ tó rọrùn?

Àwọn onímọ̀ Faransé ti jà nítorí èyí rí, wọ́n sì borí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004, ìjọba fẹ́ sọ ipò òṣìṣẹ́ ìwádìí 550 di iṣẹ́ àdéhùn. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àìmọye àwọn olórí ibùdó ìwádìí kóra jọ sí gbọ̀ngàn ìlú Paris, wọ́n fi ipò olórí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù kẹrin, tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ti fìdí rẹmi nínú ìdìbò ẹkùn, ipò 550 náà padà.

Ìjà tọdún 2019 àti 2020 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ń múra òfin ńlá kan lórí ìwádìí sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2019, Antoine Petit, tó ń darí CNRS nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òfin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní fún gbogbo èèyàn lọ́gbọọgba, kó jẹ́ ti Darwin, kó máa fún ẹni tó ń ṣe dáadáa jù níṣìírí. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀pọ̀ èèyàn dọ́kàn. Àwọn tó ti ń jà láàrin ara wọn fún ipò mẹ́rin kò nílò ẹni tó máa sọ fún wọn pé ìjà náà kò tíì le tó. Síbẹ̀ òfin jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2020. Ó mú ire kan wá: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọ́dọ̀ gba owó oṣù tó kéré sí ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Ó tún ṣí ìlẹ̀kùn kejì. Wọ́n lè gba ọ̀dọ́ kan fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà pẹ̀lú owó ìwádìí lọ́wọ́, kí ìgbìmọ̀ wá wò ó nígbẹ̀yìn bóyá wọ́n á fún un ní ipò ọ̀gá. Àwọn kan wọlé nípa rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ni pé ìlẹ̀kùn tuntun yìí, tí kì í ṣe ẹ̀ka tí wọ́n dìbò yàn ló ń ṣọ́ ọ, yóò máa gbòòrò, ti àtijọ́ yóò sì máa fún.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná ní 2025. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó ìwádìí, Faransé na ọwọ́ sí àwọn tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, Emmanuel Macron àti Ursula von der Leyen, tó ṣojú Àpapọ̀ Yúróòpù, dúró ní yunifásítì Sorbonne ní Paris láti kéde rẹ̀. Àpapọ̀ Yúróòpù ṣèlérí 500 mílíọ̀nù yúrò fún 2025 sí 2027, Faransé 100 mílíọ̀nù. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, CNRS gbé ètò tirẹ̀ jáde. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gba ẹni tí wọ́n lé nílé. Àmọ́ mo wà ní Montpellier lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì rí ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà nínú ilé fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò pé ilẹ̀ Faransé ń wá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti nǹkan bí 2002 ni wọ́n ti ń ṣèlérí pé wọ́n á ná ìdá 3 nínú 100 ohun tí orílẹ̀-èdè ń pa lọ́dún sórí ìwádìí, ó ṣì wà ní nǹkan bí 2.2.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, CNRS nìkan kọ́ ló wà. Inserm wà fún ìmọ̀ ìlera, INRAE fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, IRD sì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ORSTOM tẹ́lẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Benin àti káàkiri Áfíríkà. Gbogbo wọn ló ń ṣe ìdíje tó jọra. Èèyàn lè díje ní méjì, mẹ́ta lọ́dún kan náà, ìdí nìyẹn tí àkójọ orúkọ kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi ṣe pàtàkì: ẹni tó wọlé níbi méjì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ̀ka àbúrò mi tò ó sí ipò kẹfà. Ipò mẹ́rin ló wà. Ní oṣù keje, ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin náà yan ibòmíì, ẹni karùn-ún bọ́ síbẹ̀. Ó gbé fóònù dání lọ sí ọjà, ó gbé e dání wọ balùwẹ̀, títí oṣù kẹjọ fi parí. Kò dún.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tún ṣí fọ́ọ̀mù. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí ní òpin oṣù kejì, wọn kò sì ní tún un ṣe, torí ọdún mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bí wọ́n bá pè é wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, oṣù kẹta ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka ojú ewé àkọ́kọ́." Mo kà á. Mo bi í bóyá kó dá ọdún méjì tó fi kó ẹ̀fọn lábúlé padà síbẹ̀. Ó ní òun ti dá a padà, ó tọ́ka sí i: ìlà kan ṣoṣo ni, ó sì ti fi lẹ́tà dúdú kọ ọ́.